Ìbéèrè Tí Àkànní Kọ Kẹ́yìn

Jòsáyà Àkànní, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, ọmọ abẹ́ àpáta. Ọmọ aláró tó ń rẹ aṣọ nínú ìkòkò dúdú. Àkànní agbẹ́kànga, a-wọ-ilẹ̀-bí-ẹni-wọ-yàrá. Ọkùnrin tó gbọ́ ohùn omi kí ṣọ́bìrì tó kàn án. Sẹ́kítírì tí kò parọ́ fún lańdílọ́ọ̀dù, tí kò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ayálégbé. Baba Délé. Ọkọ èmi Abígéẹ̀lì. Sùn un re o.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, ohun tí ojú mi rí láàárín ọjọ́ tí ọkùnrin yìí kú sí ọjọ́ tí a sin ín, mi ò lè dá a gbé mọ́. Ẹ bá mi jókòó, kí n rò ó fún yín. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ẹ má wo àṣìkọ. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Àdúgbò wa wà lẹ́yìn Alápẹ̀rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sí ọ̀nà omi. Ẹsíteètì ni wọ́n ń pè é báyìí, nítorí pé a ní gètì! Nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń kí wa káàárọ̀. Omi ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Àkànní ló gbẹ́ kànga fún gbogbo ilé márùn-ún tó wà ní ìsàlẹ̀: ilé Baba Rìsì, ilé Alhaji Múfútáù, ilé Kọ́pò Sámúẹ̀lì, ilé tí Mummy Tèmi wà, àti ilé tiwa.

Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè wọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí mítìn ẹgbẹ́ onílé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kì í wo nọ́mbà ara ògiri. Ẹni tó kọ́kọ́ kó wọlé ló ń kọ́kọ́ pè. Tó bá ti pe ilé, ẹni tó wá láti ilé náà á dáhùn pé, "A wà o!" Ilé tiwa ló ń pè kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa la ṣìkejì tó kó wọlé. Ó ní ẹni tó ń pín oúnjẹ kì í kọ́kọ́ bu tiẹ̀.

Tó bá pe ilé tán, ìbéèrè ló kàn. Onílé tàbí ayálégbé, ohun tó bá ń dùn ọ́ nípa gọ́tà, nípa kọ́kọ́rọ́ gètì, nípa ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, wàá béèrè. Àkànní á kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà ńlá kan, á kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá tíì ní ìdáhùn, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ kà ní mítìn tó ń bọ̀, kí wọ́n tó gba tuntun.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ́jísítà yẹn máa ń pa wá lẹ́rìn-ín! Kọ́pò Sámúẹ̀lì, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, béèrè nígbà kan pé ta ló dí gọ́tà iwájú ilé òun. Àkànní kọ ìdáhùn: "Ìwọ ni. Pákó rẹ ṣì wà níbẹ̀." Mummy Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé nígbà yẹn, ó béèrè bóyá ayálégbé lè béèrè ìbéèrè. Ìdáhùn: "O ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ọ̀kan tán."

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú sínú ọgbà ilé rẹ̀. Àkànní ló mú òfin yẹn wá, òun náà ló sì kọ́kọ́ lò ó.

Baba Rìsì ló lò ó fún. Àárọ̀ tí Baba Rìsì kú, wọn ò tíì wẹ̀ ẹ́ tí ìyàwó rẹ̀, Àlímọ̀tù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Rìsì, fi wọlé tọ̀ wá wá. Ó ń ta ata ní Mile 12, apá rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ṣe ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Sẹ́kítírì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sin ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ ilé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́."

Àkànní lóṣòó, ó fi igi fa ìlà sílẹ̀. Ó ní omi abẹ́ ilẹ̀ wa, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ohun tí ẹnì kan bá gbé sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn ló máa jáde sí. Ìyá Rìsì wo ìlà yẹn, ó wo ojú Àkànní, ó dìde, ó lọ. Wọ́n gbé Baba Rìsì lọ sí itẹ́ òkú lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Láti ìgbà yẹn, ó ń kí wa o, ṣùgbọ́n ìkíni orí ògiri ni. Ẹ mọ irú ìkíni yẹn, àbí?

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹsẹ̀ Àkànní bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo jókòó tì í, mo ní, "Baba Délé, tẹ́ ẹ bá ṣáájú mi, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni màá tẹ́ yín sí. Kí n máa rí yín tí mo bá ń dáná."

Kò dá mi lóhùn. Ọkùnrin tó ní ìdáhùn fún gbogbo àdúgbò!

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Òun nìyẹn lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí mo fọwọ́ hàn án gan-an. Mo pariwo pé ṣé ó fẹ́ para ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun fẹ́ gbìn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi gbẹ́ ihò yẹn, díẹ̀díẹ̀, á gbẹ́, á sinmi. Mo ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo ló ń fẹ́ ihò gígùn báyìí?" Ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbà." Ọjọ́ tó kún un padà tán, mo gbé omi lọ fún un, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ. Ó ní kí n gbé omi náà sílẹ̀, òun á mu ún. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ti bó ni.

Òjò dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ ewé. Àkànní kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó di ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbé e lọ sí mọ́ṣúárì.

Délé ọmọ wa pè láti òkè òkun, ó ní, "Mummy, ẹ sin Daddy sílé." Alhaji Múfútáù, ṣíámánù wa, wá kí mi, ó ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí mítìn bí ìbéèrè. Ó ní, "Màmá, tí a ò bá yọ̀ǹda fún Baba Sẹ́kítírì, ta la máa yọ̀ǹda fún? Ẹ má mikàn." Ara mi balẹ̀. Ṣé mo rántí Ìyá Rìsì? Mo rántí ẹ̀. Kí n má parọ́, mo rántí ẹ̀, mo sì gbójú kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, oòrùn wà láàárín ọ̀run, mo gbọ́ igbe láti ilé Ìyá Rìsì. Gbogbo wa sáré lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó na ọwọ́ sí korobá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè. Omi inú rẹ̀ búlúù! Kì í ṣe bí omi ìdọ̀tí o. Ó mọ́ gaara, kò rùn, ṣùgbọ́n ó búlúù bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò. A fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bákan náà ni.

Alhaji ní bóyá ọmọdé kan ló da nǹkan sí i. Ìyá Rìsì ní ọmọdé wo? Òun nìkan ló wà nílé, kànga òun sì ní ọmọrí àti àgádágodo.

Ọjọ́ Ajé, Alhaji ń ṣe àlùwàlá fún ìrun ọ̀sán. Nígbà tó gbójú sókè, irùngbọ̀n rẹ̀ tó funfun bí òwú ti di búlúù. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́rú, ewúrẹ́ Kọ́pò kọ̀ láti mu omi. Wọ́n gbé e síwájú ẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó ń wo ẹ̀yìn Kọ́pò bí ẹni pé ẹnì kan dúró síbẹ̀. Kọ́pò bojú wo inú abọ́. Búlúù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wa dúró sí ẹnu ọ̀nà Alhaji. Wọ́n ń béèrè ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì. Ta la máa pè? Ṣé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni? Ṣé ẹgbẹ́ máa ra omi táńkì fún wa? Kọ́pò dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́pàá ni, ó máa ń ro nǹkan. Ó fi ìka ka á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ilé Baba Rìsì. Ilé Alhaji. Ilé tèmi." Ó wò wá. "Ẹ ò rí bó ṣe ń tò ó? Sẹ́kítírì ló ń pe orúkọ."

Háà! Mummy Tèmi ní, "Kọ́pò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ kí n kó kúrò nílé ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ilé tirẹ̀ ló kàn. Ó sáré lọ sílé, ó fi páànù bo kànga rẹ̀, ó to búlọ́ọ̀kù mẹ́fà lé e. Ní ọjọ́ Ẹtì wọ́n jọ ṣí i. Mi ò lọ wò ó. Mo gbọ́ tí gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì mọ̀.

Ó wá ku ilé wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn máa dúró de ìgbà tí wọ́n máa pe orúkọ òun? Láràárọ̀ ni mo ń fa omi. Láràárọ̀ ló ń mọ́ gaara. Màá dúró lórí kànga, màá máa wo ojú ara mi nísàlẹ̀, màá máa fetí sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa pè mí. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé kò ní pè mí. Èwo ló burú jù? Mi ò mọ̀ títí dòní.

Sátidé mítìn pé. Mo gbé rẹ́jísítà lọ fún wọn nínú báàgì mi. Mi ò ṣí i rárá láti ọjọ́ tó ti kú, mi ò fẹ́ rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Wọ́n ti fi Mummy Tèmi rọ́pò rẹ̀ bíi sẹ́kítírì. Ó pe ilé márààrún. Gbogbo wa dáhùn, ohùn wa ò tó ti ẹ̀fọn. Nígbà tó pe ilé tiwa, mo ní, "A wà o," àfi bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Alhaji ní kí n dìde, kí n gbé ìbéèrè mi kalẹ̀. Mo dìde. Mummy Tèmi na ọwọ́, ó ní, "Ẹ dákun, Mama Délé, tó bá jẹ́ pé èyí àtijọ́ ṣẹ́ kù, òun la máa kọ́kọ́ kà." Òfin ni. Ó ṣí i dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo rí i tó gbé ìka lé e, tí ìka náà dúró.

Alhaji ní, "Kà á."

Ó kà á: "Ìbéèrè láti ilé Sẹ́kítírì. Ìyàwó mi béèrè bóyá wọ́n lè sin mí sí ẹ̀yìn ilé ìdáná."

Mo ṣísẹ̀ lọ bá rẹ́jísítà náà. Ìyá Rìsì ló di apá mi mú. Mummy Tèmi ní ìdáhùn wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Ó ní ṣé kí òun kà á? Ó kà á:

"Mo ti bi ilẹ̀. Ẹ máa wo kànga yín."

Ìgbà yẹn ni mo rí i lójú mi, ọwọ́ méjèèjì tó kó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Mo pariwo pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ẹ lọ wú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn!"

Kọ́pò ló wú u. Gbòǹgbò rẹ̀ jáde ní búlúù, bí irun arúgbó tí wọ́n kì bọ aró. Ó gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, ṣọ́bìrì kan nǹkan. Ìkòkò dúdú ìyá Àkànní ni, èyí tó gbé wá láti Abẹ́òkúta nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èyí tí mo rò pé ó ti fọ́. Ó ti lu ìdí rẹ̀ ní ihò mẹ́ta. Aró ló dì sínú rẹ̀, ó ti yọ́ tán, ó ku àwọ̀ lára, àwọ̀ tó wà lọ́wọ́ tó fi pamọ́ fún mi.

Alhaji fa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ máa ń ṣe é, tí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí omi ń lọ. Wọ́n á fún ilẹ̀ ní àwọ̀, wọ́n á dúró de òjò, wọ́n á wo ibi tó máa jáde sí. Àkànní ò fẹ́ sọ fún mi pé rárá. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó ní kí ilẹ̀ sọ ọ́.

Kọ́pò wo ihò náà, ó wò mí, ó gbé ojú kúrò. Gígùn rẹ̀ tó ènìyàn. Mo mọ ẹni tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìyá Rìsì ti jókòó sí etí ihò náà. Ó ń fi ọwọ́ kan ìkòkò yẹn. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ fún mi nígbà yẹn." Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Délé, mo ti rò ó láti ọjọ́ yẹn pé torí Mùsùlùmí ni mo jẹ́ ni. Mo máa ń bá Baba Rìsì sọ ọ́ tí mo bá lọ kí i. Mo ní bó bá jẹ́ tiwọn ni, wọ́n á sin ín sílé."

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, "Àlímọ̀tù, ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ sin ín sílé. Mo rántí ẹ, mo sì gbójú kúrò. Forí jì mí."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó ní, "Dìde ńlẹ̀, eèrà wà níbẹ̀ yẹn." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìyá Rìsì, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Mo kọjú sí Alhaji, mo ní mo fa ìbéèrè mi sẹ́yìn. Mummy Tèmi ní, "Mama Délé, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fà. Wọ́n ti dáhùn ẹ̀."

Kí ni mo rí kọ́? Mo rí i pé òfin tó dára fún aládùúgbò rẹ, ọjọ́ tó bá kan ìwọ lo máa mọ̀ bóyá o gbà á gbọ́. Ọkọ mi gbà á gbọ́. Èmi ni mi ò gbà á gbọ́. Mo sì rí i pé tí ẹnì kan bá ń bi ọ́ ní ìbéèrè tó le, má kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ lòfin wí, má sì kàn fa ìlà sílẹ̀. Fi ibi tí omi ń gbà hàn án. Ká ní a ti jẹ́ kí Ìyá Rìsì fojú rí i nígbà yẹn, kì bá tí gbé ẹ̀dùn yẹn dání fún gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Àdúgbò tiyín ńkọ́? Kí ni ẹgbẹ́ onílé yín sọ nípa irú èyí? Ṣé ẹnì kan wà tí òfin dùn, tí ẹ ò sì tíì lọ bẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ má tijú. Mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò yára.

Ó ku ohun kan. Alhaji ní kànga tiwa kò yí padà nítorí pé ríìngì kọnkéré ni Àkànní tò sínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Omi sì ti ń mọ́ padà ní kànga àwọn yòókù. Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé mítìn, mo jáde láti lọ fa omi tí màá fi wẹ̀. Mo ju ìfami sílẹ̀, mo fà á sókè, mo gbé e sórí ògiri kànga, oòrùn sì bọ́ sínú rẹ̀.

Búlúù ni.

Mo ní, "A wà o."

Mo fi wẹ̀. Mo wọ aṣọ mi. Ìyá Rìsì ti jókòó sínú ọkọ̀, ó fi báàgì rẹ̀ gba àyè sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ Ẹtì yẹn, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, a sin Jòsáyà Àkànní sí itẹ́ òkú tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ní apá àwọn Onígbàgbọ́, ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí Baba Rìsì wà.